Bí Ọdẹ́jìnmí Ará Àpàdò Ṣe Yan Láàárín Ẹ̀ṣẹ́ Kíkàn àti Ìjà Orí Ẹní

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó tẹ́ ẹ fẹ́ kàwé yìí, mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìfarabalẹ̀. Ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́, kó máa jẹun ẹ̀ lọ, ẹnu ló fi ń jẹ ẹ́, etí ló máa fi gbọ́ tèmi. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, òótọ́ ni. Bẹ́ ẹ bá débi tó ṣòroó gbà, ẹ sinmi díẹ̀, ẹ mumi, kẹ́ ẹ tún padà wá. Ẹ máa bá òótọ́ náà níbi tẹ́ ẹ fi í sí.

Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa ló fà á. Wọ́n mọ̀ pé ọdẹ ni mí, wọ́n sì mọ̀ pé ibi tí àwọn bàbá wọn ń fẹnu lásán dárúkọ, ẹsẹ̀ ni mo fi débẹ̀. Ni wọ́n bá ń bi mí pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́ ìjà, ṣé bọ́sìn ló yẹ kó kọ́ ni, àbí jùjítsù. Bọ́sìn, mo mọ̀ ọ́n, ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ni. Jùjítsù, mo ní kí wọ́n ṣàlàyé fún mi. Wọ́n ní èèyàn méjì á dì mọ́ra wọn, wọ́n á máa yí gbirigbiri lórí ẹní, títí ọ̀kan á fi ká apá ìkejì kò tàbí kó fún un lọ́rùn, tí ìyẹn á sì ní ó tó. Mo rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún wọn pé ìbéèrè yìí ti dàgbà jù wọ́n lọ. Ọdẹ́jìnmí ará Àpàdò ti bi ara ẹ̀ léèrè ẹ̀ nínú igbó nígbà tí wọn ò tíì bí bàbá wọn, kì í sì í ṣe eré ló fi ń ṣe, nítorí ìyá ẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ níbi tó ti yẹ.

Àpàdò, ìlú kékeré ni, ẹsẹ̀ òkè ló wà. Ìsun kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbé irin tàbí oògùn dé etí ìsun yẹn. Ọdẹ tí òùngbẹ bá ń gbẹ, á kó ìbọn, àdá, ìfúnpá, gbogbo ẹ̀ pátá sílẹ̀ nídìí igi ìyeyè kan tó wà lójú ọ̀nà, á wá lọ bu omi mu lọ́wọ́ òfìfo. Bí wọ́n ṣe bá a nìyẹn, bí wọ́n sì ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Ìwin kan gbọ́ nípa àṣà yìí níbi tó wà. Ó ronú ẹ̀ wò, ó rí i pé ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè yìnbọn lu òun, ibẹ̀ ló dáa jù lọ fún òun láti máa gbé. Ló bá kó wá sétí ìsun Àpàdò, ó jókòó síbẹ̀. Àwọn èèyàn sọ ọ́ ní Dínàdomi. Ó ga bí igi àgbọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so, apá ẹ̀ sì gùn débi pé ó lè yọ ẹrẹ̀ láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ láì bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá wá pọnmi, á ní kó bá òun jà ná. Tó bá ti dá a, á gba ìkòkò ẹ̀, á fọ́ ọ, á sì padà lọ jókòó.

Ògúndèyí lọ bá a. Ògúndèyí yìí ni baba ìjàkadì ní gbogbo agbègbè yẹn, ọrùn ẹ̀ nípọn bí ọmọ odó. Kó tó sún mọ́ Dínàdomi rárá, ìyẹn ti na apá, ó fi ọwọ́ gbá a lágbárí, ó gbé e sókè, ó fẹ̀yìn ẹ̀ lulẹ̀ gbì. Ògúndèyí dìde, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ nù, ó lọlé. Ẹ ṣáà mọ bó ṣe ń rí nílẹ̀ wa níbí. Ẹ̀yìn tó bá ti kanlẹ̀, ìjà ti parí.

Baálẹ̀ pe gbogbo ìlú jọ. Ó ní wọ́n á máa fi ìwọ̀nba òjò tó bá rọ̀ ṣe é títí wọ́n á fi ya àgbàdo, tí wọ́n bá ti yà á tán, kí oníkálukú di ẹrù ẹ̀, àwọn á ṣí lọ síbòmíì. Gbogbo wọn gbà. Ìyá Ọdẹ́jìnmí nìkan ni ò gbà. Àyọ̀ká lorúkọ màmá náà, ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì ti kú tipẹ́. Ó ní ẹsẹ̀ òun lòun fi rìn wọ ilé yẹn nígbà tí òun jẹ́ ìyàwó, ẹnikẹ́ni ò ní pọn òun jáde bí ọmọ. Kí wọ́n máa lọ, kí wọ́n fi òun sílẹ̀. Ọdẹ́jìnmí bẹ̀ ẹ́ títí. Màmá ń ṣa ẹ̀wà lọ ní tiẹ̀ ni, bíi pé ọmọ yẹn ò sọ̀rọ̀.

Ọdẹ́jìnmí jẹ́ ọdẹ tó mọ ìbọn yìn dáadáa. Àmọ́ láti kékeré, kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Ó rí i pé bí òun ò bá kọ́ ìjà ọwọ́ kí àgbàdo tó gbó, yálà kí òun fi ìyá òun sílẹ̀ fún òùngbẹ, tàbí kí òun jókòó tì í kí àwọn méjèèjì jọ kú. Ó mú àpò ẹ̀, ó wọ Igbó Arọ́nú lọ, nítorí ó ti gbọ́ pé àwọn ìlú méjì kan wà níbẹ̀ tí ò níṣẹ́ méjì ju ìjà lọ.

Ẹ má bi mí bó ṣe rìn ín. Èmi mọ ọ̀nà ibẹ̀, ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n, bí mo bá ń ṣàlàyé ẹ̀ fún yín, ẹ kàn máa sùn ni. Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ ti àwọn igi. Nínú Igbó Arọ́nú, àwọn igi máa ń kẹ̀yìn sí èèyàn. Àlejò tí wọn ò bá fẹ́ràn, gbogbo igi á kẹ̀yìn sí i, ọ̀nà á sì parẹ́, nítorí iwájú àwọn igi yẹn lọ̀nà wà. Ọdẹ́jìnmí rí ẹ̀yìn igi títí ọjọ́ fi yẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bi wọ́n léèrè ewé wọn, ó ń bi wọ́n léèrè gbòǹgbò wọn. Nígbà tó yá, ìrókò arúgbó kan yíjú sí i, ó ní ariwo ẹ̀ ti pọ̀ jù, kó gba ibí yìí kọjá. Bó ṣe rọ́nà nìyẹn.

Ibi tí ọ̀nà yẹn ti là sí méjì ló ti bá ìwin obìnrin kan tó ń pa ẹ̀gúsí. Ẹsẹ̀ ló fi ń pa á, nítorí ẹ̀yìn lọwọ́ ẹ̀ wà. Abọ́wọ́sẹ́yìn lorúkọ ẹ̀. Ọdẹ́jìnmí dọ̀bálẹ̀ fún un, ó ro ẹjọ́ ẹ̀, ó sì bi í pé ọ̀nà wo lòun máa gbà.

Abọ́wọ́sẹ́yìn ní ọ̀nà ọ̀tún ló lọ sí ìlú àwọn Akànṣẹ́, ọ̀nà òsì ló lọ sí Ẹ̀yìnkanlẹ̀. Ó ní ẹni tó ti mọ ọ̀kan dunjú lè padà wá kọ́ ìkejì lọ́jọ́ mìíì, àmọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tí àkókò ẹ̀ ò sì pọ̀, kó lọ tọ́ méjèèjì wò, kó padà wá, kó mú ọ̀kan. Ló bá fi àlọ́ méjì lé e lọ́wọ́.

"Ìjà wo léèyàn lè bá ọ̀rẹ́ ẹ̀ jà tagbáratagbára láàárọ̀, tí wọ́n á tún jọ jẹun lọ́sàn-án, tórí ò sì ní fọ́ ẹnì kankan? Ibo ni ẹni tó ń fà sẹ́yìn ti ń débi tí ò ti lè fà sẹ́yìn mọ́? Má dá mi lóhùn báyìí. O ò tíì mọ nǹkan kan."

Ọdẹ́jìnmí kọ́kọ́ gba ọ̀tún.

Ìlú Akànṣẹ́, kéèyàn tó dé ibẹ̀ ló ti máa ń gbọ́ ọ. Gbì, gbì, gbì, bí ìgbà táwọn obìnrin ń gúnyán. Àpò iyanrìn ló so rọ̀ sí gbogbo ẹnu ọ̀nà, ọkọ ń lù ú, ìyàwó ń lù ú, arúgbó tí ò lè jáde mọ́ ń gba ojú fèrèsé lù ú. Olùkọ́ wọn ń jẹ́ Akànmáyẹ̀, èjìká ẹ̀ fẹ̀, imú ẹ̀ ti tẹ́ bẹẹrẹ. Ó fi awọ ewúrẹ́ tí wọ́n ki òwú sí nínú bo ọwọ́ Ọdẹ́jìnmí, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dúró, bí wọ́n ṣe ń fi àgbọ̀n pamọ́ sẹ́yìn èjìká, bí agbára ẹ̀ṣẹ́ ṣe ń ti àtẹ́lẹsẹ̀ gòkè wá. Ó sì rọ Ọdẹ́jìnmí lọ́rùn. Kó tó pẹ́, ọwọ́ ẹ̀ ti ń dún létí àpò yẹn, inú ẹ̀ sì ń dùn sí ohùn náà.

Àmọ́ ẹ wò ó, ọkùnrin tó ti yìnbọn fún ẹfọ̀n lójúkojú tí ò ṣẹ́jú, bí ẹ̀ṣẹ́ bá ti ń bọ̀, ojú ló ń dì. Akànmáyẹ̀ kìlọ̀ fún un, kò gbọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú un wọ agbo pẹ̀lú ọ̀kan nínú wọn, ó dijú, ìyẹn sì fi ọ̀kan bà á létí. Ọdẹ́jìnmí gbọ́ tí agogo ń dún. Kò sí agogo kankan ní ìlú yẹn. Wọ́n gbé e lọ sábẹ́ àtíbàbà, olùkọ́ sì ní kò gbọ́dọ̀ bá ẹnikẹ́ni jà mọ́ títí orí ẹ̀ á fi balẹ̀.

Akànmáyẹ̀ jókòó tì í. Ẹni jẹ́jẹ́ ni, kì í parọ́. Ó ní kí Ọdẹ́jìnmí sọ bí apá ẹni tó fẹ́ bá jà ṣe gùn tó. Ọdẹ́jìnmí sọ ọ́. Akànmáyẹ̀ wo ọwọ́ ara ẹ̀.

Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, tó bá jẹ́ èèyàn bíi tìẹ ni, mi ò ní jẹ́ kó o kúrò níbí. Ẹ̀ṣẹ́ yá kọ́, ó sì máa wúlò fún ọ lójú pópó ju ohunkóhun lọ. Àmọ́ ẹni tí apá ẹ̀ gùn tó báyẹn, òun ló máa kọ́kọ́ bà ọ́. Mo lè kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ tí wọ́n á fi wọlé sábẹ́ ẹ̀. Àmọ́ àgbàdo yín á ti gbó, ẹ á ti jẹ ẹ́ tán, ẹ á ti gbin òmíì."

Ọdẹ́jìnmí dúpẹ́, ó gba òsì lọ.

Ẹ̀yìnkanlẹ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ẹní ni wọ́n tẹ́ sí gbogbo ilẹ̀, ilé, ìta, ojú títì, kò síbi tí ò sí ẹní. Àwọn èèyàn wà lórí ẹ̀ ní méjì-méjì, wọ́n lọ́ mọ́ra wọn bí okùn. Olùkọ́ wọn ń jẹ́ Arọ̀mọ́. Ìdí Ọdẹ́jìnmí ló ga mọ, ó tín-ín-rín, ó sì ń wúkọ́. Ó ní kí Ọdẹ́jìnmí gbá òun mú.

Ọdẹ́jìnmí gbá a mú, ó gbé e, ó fẹ̀yìn ẹ̀ lélẹ̀. Ló bá nà ró, ó gbé ọwọ́ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ara ẹ̀ ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá, ó ní òun ọmọ Àyọ̀ká, òun tí òun dá olùkọ́ lọ́jọ́ tí òun dé. Àwọn ará ìlú ń wò ó. Ọ̀kan béèrè lọ́wọ́ ìkejì pé ta ló ń bá sọ̀rọ̀.

Arọ̀mọ́ ṣì wà nílẹ̀. Ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó fi gbá orúnkún Ọdẹ́jìnmí láti ẹ̀yìn, ìyẹn wó lulẹ̀, ẹsẹ̀ tín-ín-rín yẹn sì ti ká a lọ́rùn. Ẹnì kan ń pariwo pé kó fọwọ́ lu ara Arọ̀mọ́ pẹ́pẹ́, pé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ níbẹ̀ nìyẹn, ẹni tó bá ti fọwọ́ lu ara ẹlòmíì, ìyẹn gbọ́dọ̀ tú u sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọdẹ́jìnmí gbọ́. Ó rò pé ẹ̀bẹ̀ nìyẹn, òun ò sì ní bẹ ẹni tí òun ti dá. Kò lù ú. Gbogbo nǹkan ṣókùnkùn.

Nígbà tó lajú, Arọ̀mọ́ ń da omi sí i lójú.

Arọ̀mọ́ ní, "Ta ló sọ fún ọ pé ìjà ti parí?"

Ọdẹ́jìnmí ní, "Ẹ̀yìn yín ti kanlẹ̀, bàbá."

Arọ̀mọ́ ní, "Orí ẹ̀yìn ni wọ́n ti bí mi. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ohun gbogbo."

Láti ọjọ́ yẹn, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fẹ̀yìn Ọdẹ́jìnmí lélẹ̀, ojoojúmọ́ ni ojú sì ń tì í. Obìnrin dá a, arúgbó dá a, ẹni tó wá ta epo ní ìlú yẹn pàápàá dúró dá a kó tó lọ. Ó ń fọwọ́ lu ara wọn pẹ́pẹ́, wọ́n ń tú u sílẹ̀, wọ́n sì tún ń bẹ̀rẹ̀. Ó wá ṣàkíyèsí nǹkan kan. Gbogbo agbára tí wọ́n ní ni wọ́n fi ń jà láàárọ̀, wọ́n sì jọ ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun lọ́sàn-án. Ọrùn ń ro ó, ìgúnpá ń ro ó, àmọ́ orí ẹ̀ balẹ̀, ó sì rántí ohun tó kọ́ lánàá.

Ó padà sọ́dọ̀ Abọ́wọ́sẹ́yìn. Ó ní òun ti mọ àlọ́ méjèèjì. Àkọ́kọ́, ìjà Ẹ̀yìnkanlẹ̀ ni, nítorí ibẹ̀ léèyàn ti lè fi gbogbo agbára kọ́ ọ lójoojúmọ́ láì fọ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀. Èkejì, ilẹ̀ ni, kò síbi téèyàn tún lè fà sẹ́yìn sí mọ́ tó bá ti délẹ̀.

Abọ́wọ́sẹ́yìn ń pa ẹ̀gúsí ẹ̀ lọ. Ó ní ó gbà á. Ó wá bi í pé èwo lọkàn ẹ̀ fẹ́.

Ọdẹ́jìnmí ò parọ́. Ó ní ti Akànṣẹ́ lọkàn òun fẹ́. Ohùn ẹ̀ dùn létí òun, bí òun bá sì fi jà nílé, gbogbo èèyàn á rí i pé òun jà. Ti Ẹ̀yìnkanlẹ̀ ń ti òun lójú. Bí òun bá dùbúlẹ̀ níwájú àwọn ará Àpàdò, kí lòun máa sọ fún wọn?

"Ṣé àwọn ará Àpàdò lo fẹ́ bá jà ni?" Abọ́wọ́sẹ́yìn béèrè bẹ́ẹ̀, ó sì dá ẹ̀gúsí dúró. "Sọ fún mi. Ẹni tí apá ẹ̀ gùn tó yẹn, tó o bá dì mọ́ ọn láyà, ibo ló máa ti rí àyè ju apá náà?"

Ọdẹ́jìnmí ronú sí i. Ó dúpẹ́, ó sì gba òsì padà. Ó pẹ́ níbẹ̀. Mi ò ní ka ọjọ́ fún yín, ó pẹ́ débi tó fi lè sinmi bí ènìyàn wúwo bá gùn ún láyà, ìyẹn nìkan gan-an ò kéré. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, mo ti dì mọ́ ọ̀yà nínú ihò ẹ̀ rí, mo sì ti ṣe ohun tó jù bẹ́ẹ̀ lọ tí mi ò ní sọ lónìí, àmọ́ mi ò rò pé mo lè ṣe èyí.

Ó dé Àpàdò bí wọ́n ṣe ń ya àgbàdo tán. Wọ́n ti ń di ẹrù. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ó fẹ́ bá Dínàdomi jà, gbogbo ìlú gòkè lọ wòran, wọ́n sì gbé akèrègbè dání, bóyá. Ògúndèyí ló dúró níwájú. Ó bi Ọdẹ́jìnmí pé ibo ni iṣan tó lọ kọ́ wà, pé òun ò rí i lára ẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ọdẹ́jìnmí kó ìbọn àti ìfúnpá ẹ̀ sídìí igi ìyeyè, ó rìn lọ.

Dínàdomi dìde. Ó na apá. Ọdẹ́jìnmí fi àgbọ̀n pamọ́, kò dijú, ọwọ́ náà fò kọjá létí ẹ̀, ó sì sá wọ abẹ́ apá náà, ó dì mọ́ ọn. Dínàdomi fi ìka gígùn wọ̀nyẹn já a kúrò lára, ó gbé e sókè, ó fẹ̀yìn ẹ̀ lulẹ̀ gbì.

Ògúndèyí mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ó ti dá a. Ẹ jẹ́ ká máa lọ." Àwọn èèyàn gbé akèrègbè wọn, wọ́n kẹ̀yìn, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀. Àwọn kan ń kẹ́dùn pé ọmọ dáadáa ni. Kò sẹ́ni tó bojú wẹ̀yìn, nítorí kò sóhun tó kù láti wò lójú tiwọn.

Ọdẹ́jìnmí ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn bí wọ́n ṣe ń lọ. Ó fẹ́ pè wọ́n. Ó fẹ́ ní kí wọ́n dúró, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Àmọ́ ó rí i pé bí òun bá lo èémí yẹn fún ìpè, kò ní ṣẹ́ kù fún iṣẹ́. Ó jẹ́ kí wọ́n lọ. Bí Dínàdomi ṣe tẹ̀ síwájú láti wá gba ìkòkò tí kò sí lọ́wọ́ ẹ̀, Ọdẹ́jìnmí fi ẹsẹ̀ méjèèjì ká a ní ìbàdí, ó fà á lulẹ̀ mọ́ra. Ìwin náà fẹ́ lù ú. Apá gùn jù. Ó ń gbá koríko ẹ̀yìn orí Ọdẹ́jìnmí, ó ń gbá òkúta, kò rí ibi tó máa ká a sí tó fi máa ba èèyàn tó wà láyà ẹ̀. Ọdẹ́jìnmí gba apá kan mọ́ra, ó gbé ẹsẹ̀ kọjá lójú ẹ̀, ó nà án tààrà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìdí sókè díẹ̀díẹ̀.

Ó ní, "Tó o bá fọwọ́ lu ara mi pẹ́pẹ́, mo máa tú ọ sílẹ̀."

Ìgúnpá Dínàdomi dún bí igi gbígbẹ tí ẹnì kan fẹ́ dá. Ó ṣì dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ gígùn kejì sọ̀ kalẹ̀, ó sì lu Ọdẹ́jìnmí lẹ́sẹ̀ pẹ́pẹ́.

Kí Ọdẹ́jìnmí tó rò ó, ara ẹ̀ ti tú u sílẹ̀. Ìgbà yẹn lẹ̀rù wá bà á, tó rí i pé òun ti jọ̀wọ́ ohun kan ṣoṣo tí òun mú. Àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n ń mí. Dínàdomi ń fọwọ́ ra ìgúnpá.

"Kí ló dé tó o fi tú mi sílẹ̀?"

"Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn."

"Tí mo bá tún ní ká jà ńkọ́?"

"A máa tún jà. Ilẹ̀ ni mo ti fẹ́ jà, mo sì ti wà níbẹ̀."

Ìwin náà wò ó pẹ́. Ó wo ilẹ̀ tí Ọdẹ́jìnmí jókòó sí, ó wo apá ara ẹ̀, bíi pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa rí bó ṣe gùn. Ó dìde, ó ré ìsun yẹn kọjá, ó sì wọ igbó lọ. Kò padà wá mọ́.

Akèrègbè ẹnì kan ti já bọ́ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀. Ọdẹ́jìnmí pọn omi sínú ẹ̀, ó gbé e rù. Ó bá gbogbo ìlú ní ẹnu ibodè, ẹrù lórí wọn. Wọ́n rí omi tó ń kán sílẹ̀ lára akèrègbè. Ògúndèyí béèrè ibi tó ti rí i, Ọdẹ́jìnmí sì sọ fún un. Ògúndèyí mi orí. Ó ní gbogbo àwọn rí i, ẹ̀yìn ẹ̀ kanlẹ̀, kò sí bí wọ́n ṣe máa pe ìyẹn ní ìṣẹ́gun, ó ní láti jẹ́ pé ó rẹ ìwin náà ni ó fi lọ. Àwọn èèyàn ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yìn ẹ̀ kanlẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni wọ́n ń sọ ẹrù kalẹ̀, tí wọ́n ń mú ìkòkò, tí wọ́n ń sáré gòkè lọ síbi ìsun. Títí tí wọ́n fi pọnmi kún àmù, àríyànjiyàn yẹn náà ni wọ́n ń ṣe.

Ọdẹ́jìnmí ò bá wọn jiyàn. Ó wọlé tọ ìyá ẹ̀ lọ, ó bu omi fún un. Màmá mu, ó sinmi, ó tún mu. Ó ní òun gbọ́ tí wọ́n ń pariwo níta pé wọ́n dá ọmọ òun.

Ọdẹ́jìnmí ní, "Òótọ́ ni, màmá. Ẹ̀yìn mi kanlẹ̀."

Àyọ̀ká da ìyókù omi náà sí ọwọ́, ó fi ra ojú, ó fi ra ọrùn, ó fi ra ẹsẹ̀ méjèèjì tó ti kú.

Ó ní, "Omi yìí mà tutù o. Tó bá jẹ́ pé ìṣubú ló mú un wá, máa ṣubú lọ́la náà, ọmọ mi. Mo fẹ́ fọṣọ."

Ibi tí mo mọ̀ ọ́n dé nìyẹn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ bi mí, mi ò ní kẹ́ ẹ mú ti òsì torí pé Ọdẹ́jìnmí mú un. Ẹ lọ tọ́ méjèèjì wò, kẹ́ ẹ wo apá ẹni tó ń dúró dè yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi ara yín kọ́ ọ̀kan nínú ìjà méjèèjì yìí ńkọ́, ibo lẹ gbà, kí lẹ sì bá níbẹ̀? Ẹ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Ẹ má wulẹ̀ tún un ṣe kó lè dùn. Èmi náà ò tún tèmi ṣe.